Ìwọ̀n Ìṣòro Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí oníṣòwò kan láàárín wa tí yóò ta aṣọ láìfi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò jókòó ti ìrẹsì lọ́jà láìní kóńgò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò wọ̀nyí kan náà, àti àwọn akọ̀wé pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ bí ọ̀ràn kan ti ṣòro tó, wọn a fi òṣùwọ̀n sílẹ̀, wọn a sì máa fi ojú wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni òṣùwọ̀n tí à ń wí yìí: àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí 'very', 'too', 'rather' àti 'hardly'. Wọ́n kéré lójú, ṣùgbọ́n owó àti iṣẹ́ ń bá wọn lọ, a ó sì fi hàn pé ẹ̀mí pàápàá ti bá wọn lọ rí.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Ní èdè Yorùbá, bí a bá wí pé iṣẹ́ kan le jù, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ náà le púpọ̀ ni a ní lọ́kàn, ó sì lè jẹ́ pé ó ti kọjá agbára wa. Ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ojú rẹ̀ ni a fi ń mọ èyí tí ó ń wí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì. 'Very difficult' ni ohun tí ó le gidigidi ṣùgbọ́n tí a ṣì lè ṣe; 'too difficult' ni èyí tí ó ti borí ẹni, tí a sì ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó jẹ gbèsè, tí ó sì kọ̀wé sí olówó rẹ̀ pé 'It is too difficult for me to pay this month', lè rò pé àánú ni òun ń tọrọ. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó ka ìwé náà, ó ti wí pé òun kò ní san án lóṣù náà. Ìwé tí ì bá sún ọjọ́ sísan síwájú lè ti ipa bẹ́ẹ̀ sọ ọ̀ràn di ti agbẹjọ́rò. Bí ó bá kọ 'very difficult', tí ó sì kọ iye tí ó lè san sí i, ilẹ̀kùn kò tíì tì.

Èkejì ni 'hard' àti 'hardly'. Níwọ̀n bí 'slow' ti ń di 'slowly', tí 'quick' sì ń di 'quickly', ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni 'hard' ṣe ń di 'hardly'. Kò rí bẹ́ẹ̀. 'I work hard' ni pé mo ń ṣiṣẹ́ kárakára. 'I hardly work' ni pé díẹ̀ ni ó kù kí n má ṣiṣẹ́ rárá. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ èyí ẹ̀yìn sínú ìwé tí ó fi ń wá iṣẹ́, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ọ̀lẹ ni òun. Ibi tí 'hardly' gbé wúlò ni ibi tí àwa ń lo agbára káká tàbí ekukáká. Bí àgbàlagbà kan bá ń ṣàìsàn, tí agbára káká ni ó fi ń rìn, 'He can hardly walk' ni kí á wí. Kí á sì kíyè sí i pé 'hardly' àti 'scarcely' ti gbé àìṣe sínú. Ẹni tí ó bá tún fi 'not' tì í, tí ó wí pé 'He cannot hardly walk', ti kó ẹrù méjì lé ẹlẹ́rù kan lórí. 'Barely' súnmọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi hàn pé ohun náà ṣeé ṣe ní ìkẹyìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni ó kù kí ó má ṣeé ṣe. Ẹni tí ó 'barely passed' nínú ìdánwò ti yege, àní bí ó bá jẹ́ máàkì kan ṣoṣo ni ó fi yege.

Lẹ́yìn èyí ni àkàsọ̀ tí a fi ń gun òkè ìṣòro. 'Slightly difficult' ni ó wà nísàlẹ̀, èyí tí í ṣe pé ó ṣòro díẹ̀. 'Rather difficult' tẹ̀ lé e. 'Very difficult' wà lókè rẹ̀. 'Extremely difficult' sì ni téńté. 'Fairly' àti 'rather' fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba, ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn mọ́ni ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi 'fairly' pọ́n lé, tí wọ́n sì ń fi 'rather' pọ́n ohun tí kò wù wọ́n lé: 'fairly easy', ṣùgbọ́n 'rather difficult'. 'Quite' ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù nínú gbogbo wọn. Lẹ́nu ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì, 'quite difficult' sábà máa ń jẹ́ pé ó ṣòro níwọ̀n. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, ó súnmọ́ pé ó ṣòro púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di 'quite impossible', pátápátá ni 'quite' túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó ní ọmọ tàbí oníbàárà ní ilẹ̀ méjèèjì, kí ó fi èyí sọ́kàn.

Bí ẹnìkan bá rò pé àsọdùn ni à ń sọ, kí ó gbọ́ ohun tí a ń ròyìn nípa ogun Kòríà. Ní oṣù Igbe ọdún 1951, ní etí odò Imjin, àwọn ọmọ ogun Ṣáínà tí wọ́n pọ̀ jù wọ́n lọ lọ́nà púpọ̀ yí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Glosters ká. Ọ̀gágun wọn, Brodie, sọ fún Soule, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tí ó wà lókè rẹ̀, pé ọ̀ràn náà ti di 'a bit sticky'. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bí i tirẹ̀ ì bá mọ̀ pé iná ti dé orí koko. Ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà gbọ́ 'a bit', ó sì gbà pé ìṣòro díẹ̀ ni, pé wọn yóò lè dúró. Kò pàṣẹ kí wọ́n padà sẹ́yìn nígbà náà. Nígbà tí ìjà parí, àwọn tí ó ju 500 lọ nínú àwọn Glosters ni a ti kó ní ìgbèkùn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó sì ráyè bọ́. A kò wí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo rẹ̀, nítorí ogun kì í ní ìdí kan. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi èdè Gẹ̀ẹ́sì mu ọmú ìyá rẹ̀ bá lè ṣi ara wọn gbọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kí á ti wí nípa àwa tí a kọ́ ọ nílé ìwé?

Àwọn kan yóò wí pé èdè àlejò ni, pé bí ó bá ti yé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ó bùṣe. A kò kọ̀ fún wọn bí ó bá jẹ́ àwàdà láàárín ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n èdè yìí ni a fi ń kọ àdéhùn, òun ni a fi ń ka ẹ̀sùn níwájú adájọ́, òun náà ni a sì fi ń ránṣẹ́ sí oníbàárà òkè òkun lórí ẹ̀rọ alágbèéká. Níbẹ̀, ohun tí a kọ ni a óò dì mọ́ wa lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tí ó wà ní ọkàn wa.

Kì í sì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìwọ̀n. Èdè wa fún ohun gbogbo ní àpọ́nlé tirẹ̀: igi a máa ga fíofío, aṣọ a máa funfun báláú, ọ̀ràn a sì máa le koko, kò sí ọmọdé kan tí yóò wí pé ọ̀ràn le fíofío. Ẹni tí ó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wẹ́rẹ́, díẹ̀díẹ̀ àti ekukáká kò ṣaláìní òye. A kò tíì fi ọ̀kan wé èkejì fún un ni. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ́ orúkọ ọ̀rọ̀ àpọ́nlé sórí lásán, bí kò ṣe kí wọ́n gbé ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọmọ sì wọ̀n wọ́n wò. Ẹ̀yin oníṣòwò ẹ̀wẹ̀, bí ọ̀ràn bá kan owó, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ àpọ́nlé nìkan ṣe ẹ̀rí. Ẹ kọ iye owó, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ lè ṣe àti èyí tí ẹ kò lè ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ka ìwé náà sí yín létí kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Àwọn àgbà ni ó wí pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ tí a kò wọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ búburú, ṣùgbọ́n àwa ti rí i pé òun náà a máa yọ ọfà.