Ìbísí Ẹja Kì í Ṣe Ìdàgbà-wọ-ọ̀wọ́

Kò tọ̀nà kí olùtumọ̀ máa pe iye ọmọ ẹja tí ó yè, tí ó sì dàgbà wọ ọ̀wọ́ tí apẹja ń pa, ní ‘ìbísí’. Ẹyin tí ẹja ń yé pọ̀ lọ súà. Ipò omi ni ó ń pinnu èyí tí yóò yè. Ní Pérù, anchoveta tí wọ́n pa ní 1970 lé ní mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù. Ní 1972, omi òkun gbóná, oúnjẹ ẹja wọ́n, ọmọ ẹja tí ó wọ ọ̀wọ́ kò tó nǹkan. Ní 1973, iye náà kò pé mílíọ̀nù 2. ‘Ìdàgbà-wọ-ọ̀wọ́’ ni ó yẹ ìwé ẹ̀kọ́. Aláṣẹ tí ó bá ka ẹyin mọ́ ẹja yóò yọ̀ǹda kí wọ́n pa ju èyí tí omi lè dá padà lọ.