Ẹran Àjọsìn, Ebi Ní Í Pa Á: Ta Ló Jẹ Gbèsè Ilé Ìwòsàn?

Àwọn àgbà ní ẹran àjọsìn, ebi ní í pa á. Kì í ṣe pé ewé wọ́n. Bàbá Àlàbá rò pé ìyá Àlàbí ti já ewé fún ẹran, ìyá Àlàbí rò pé bàbá Àlàbá ti ṣe é. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹran ti na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tó wọko gbèsè ni mo fẹ́ fi òwe yìí wò, nítorí ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé àìlówó ló ń pa ilé ìwòsàn wa. Èmi kò gbà. Àìmọ ẹni tó ni ẹran ló ń kọ́kọ́ pa á. Àìlówó kàn ń wá gbé òkú rẹ̀ ni.

Ẹ wo Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1990, nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, ìjọba ológun dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní oṣù Ògún 1991, wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Yunifásítì di àjọni, wọ́n sì fi orúkọ olóògbé Ládòkè Akíntọ́lá pè é, èyí tí a gé kúrú sí LAUTECH. Ilé-ìwé wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Báyìí ni ẹran ṣe di ti agbo ilé méjì. Bí gómìnà kan bá ní òun ti san tòun, èkejì á ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ní 2016 àti 2017, owó oṣù kò wọlé, àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, títí tí wọ́n fi pe àwọn oníṣirò KPMG pé kí wọ́n wá yẹ ìwé owó wò. Ohun tí wọ́n pe àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí láti wá wá, ọmọ tó ń ta omi ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n: àwọn tó ni ẹran kò bọ́ ọ.

Ní oṣù Bélú 2020, àjọ NUC tó ń rí sí yunifásítì kéde pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan ló ni LAUTECH láti ìgbà náà lọ. Ọ̀ṣun mú ilé ìwòsàn Òṣogbo, tí a mọ̀ lónìí sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ UNIOSUN. Ọ̀yọ́ di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìròyìn yẹn sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, wọ́n ṣí ojú ìwé kejì. Lójú tèmi, àtúntò gbèsè tó mọ́gbọ́n dání jù lọ tí ètò ìlera tíì rí ní agbègbè wa nìyẹn. Kò sí adájọ́ kankan tó kéde pé ilé ìwòsàn wọko gbèsè, kò sí agbẹjọ́rò tó wọ wíìgì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni wọ́n ṣe: wọ́n pín dúkìá, wọ́n pín ẹrù, wọ́n sì jẹ́ ká mọ ẹni tí a ó dì mú bí ẹran bá tún ń ké.

Ẹnì kan á ní, kí ló dé tí ilé ìwòsàn kò lè dá bùkátà ara rẹ̀ gbọ́ bí aláṣọ Akẹ̀sán? Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ ká gbé e dé Akẹ̀sán fúnra rẹ̀, níwájú ààfin Aláàfin. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, iná jó ọjà náà. Ìsọ̀ jó, ọjà inú rẹ̀ jó, gbèsè tí wọ́n fi ra ọjà kò bá wọn jó. Ẹni tó gba ọjà àwìn ṣì jẹ olówó ọjà. Ẹni tó yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ ṣì ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nípàdé. Ìjọba ìpínlẹ̀ tún ọjà náà kọ́, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì rántí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí gbèsè ọjà ṣe ń rí. Bí aláṣọ kan bá kógbá sílé, oníbàárà rẹ̀ á yà sí ìsọ̀ kejì. Ara rẹ̀ kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ta ni aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lóru yóò yà sọ́dọ̀, nígbà tó jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn ni ilé ìwòsàn ńlá tó kàn wà? Iná ọjà ṣẹ́ yọ lọ́jọ́ kan, gbogbo ayé rí i, gómìnà sì sáré dé. Ilé ìwòsàn kì í wó lọ́jọ́ kan. Dókítà kan lọ sí Saudi lóṣù yìí, ẹ̀rọ àyẹ̀wò kan dákẹ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí aláìsàn máa ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá láti ìta. Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ẹnikẹ́ni yóò sáré dé.

Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ ní òfin gbèsè tirẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Bí onígbèsè bá kọ̀ láti san, olówó a rán ológò lọ dógò tì í. Ológò á jókòó sí agbo ilé onígbèsè, á máa pariwo, á máa pa adìẹ tó bá rí jẹ láìbìkítà ẹni tó ni ín, títí gbogbo ilé yóò fi tu owó jọ. Ẹni tí kò bá sì rí owó san lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà: iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni èlé, owó gan-an dúró bó ṣe wà.

Ológò kò tíì kú o. Ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà 2024, ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná IBEDC já iná UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn tí gbogbo wa ń sá lọ láti 1957, nítorí gbèsè tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà. Ó lé ní 100 ọjọ́ kí iná tó padà. Àwọn aláìsàn àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni wọ́n pa adìẹ wọn jẹ, kì í sì í ṣe àwọn ló jẹ gbèsè. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ẹkún ni pé IBEDC fúnra rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ AMCON, àjọ ìjọba tó ń gba gbèsè, láti 2022 nígbà náà nítorí gbèsè àwọn tó rà á. Ológò ń dógò ti èèyàn, ológò ẹlòmíràn sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwọ̀fà náà kò tíì kú. Bí obìnrin bá bímọ, tí ẹbí rẹ̀ kò rí owó san tán, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní ilẹ̀ yìí ló ń dá ìyá àti ọmọ dúró sí wọ́ọ̀dù. Àwáwí wọn ni pé bí àwọn bá jẹ́ kó lọ, kò ní padà wá. Irọ́ kọ́, òmíràn kì í padà. Síbẹ̀, òfin orílẹ̀-èdè 1999 kò fún nọ́ọ̀sì ní àṣẹ láti sọ ẹnikẹ́ni sí àtìmọ́lé, òfin ìlera 2014 sì ní wọn kò gbọdọ̀ lé aláìsàn pàjáwìrì padà. Ìwọ̀fà àtijọ́ tilẹ̀ sàn: ó ń roko olówó rẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ yìí kò ṣiṣẹ́ kankan, owó bẹ́ẹ̀dì sì ń gun orí gbèsè rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé ìwòsàn tó jẹ gbèsè ń fi aláìsàn tó jẹ gbèsè dógò, àwọn tó yẹ kó bọ́ ẹran wà nílé wọn.

Òfin ilé-iṣẹ́ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ògún 2020 gbìyànjú díẹ̀. Kí ilé-iṣẹ́ tó kú pátápátá, a lè yan adélé kan tí yóò gba àkóso, tí àwọn olówó kò sì ní lè dà bò ó bó ṣe ń tún ilé tò. Ó dára, ọsibítù aládàáni tó bá forúkọ sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ lè lò ó. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà ní bí ilé-iṣẹ́ bá jẹ ẹnì kan ní owó tó ju 200,000 náírà lọ, tí kò san án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fìwé béèrè, olówó lè ní kí ilé ẹjọ́ tú u ká. 200,000! Gáàsì jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ mélòó ni? Ní ti ilé ìwòsàn ìjọba, kì í ṣe ilé-iṣẹ́, òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó kàn máa ń rù ni.

Àwọn kan ní ká ta gbogbo rẹ̀ fún aládàáni kó parí. Kí wọ́n lọ bi àwọn ará Boston. Steward Health Care, tó ní ilé ìwòsàn 31 ní Amẹ́ríkà nígbà kan, ti ta ilẹ̀ àti ilé àwọn ọsibítù rẹ̀ ní Massachusetts láti 2016, ó sì di ayálégbé nínú ilé ara rẹ̀. Ní oṣù Èbìbí 2024, ó sá lọ sí ilé ẹjọ́ gbèsè ní Texas. Kí oṣù Ògún tó parí, méjì lára ọsibítù rẹ̀, Carney àti Nashoba Valley, ti tilẹ̀kùn. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Kí ẹni tó bá sì rò pé owó ìjọba nìkan tó, bi àwọn èèyàn wa ní Woolwich. Ní 2012, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi adélé sórí àjọ ọsibítù South London, tí ọsibítù Woolwich wà lára rẹ̀, tó ń pàdánù ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ lọ́sẹ̀, tí àdéhùn ilé kíkọ́ olówó gọbọi sì wà lọ́rùn rẹ̀. Adélé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n dín ọsibítù Lewisham tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kù, èyí tí kò sí lára àwọn onígbèsè náà. Àwọn ará Lewisham tú síta, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n sì jàre ní 2013. Ìdí tí wọ́n fi jàre ni pé òfin kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba ibi tí ọwọ́ adélé dé.

Mo tún padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé ìwòsàn míràn wà níbẹ̀ tó dàgbà ju LAUTECH lọ fíìfíì, èyí tí Dókítà George Green, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, bẹ̀rẹ̀ ní 1907. Àwọn òyìnbó lọ, ìjọ jogún rẹ̀, nígbà tó di 2009 ó di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen. Mi ò sọ pé wọn kò jẹ gbèsè rí. Ó ti yí iṣẹ́ padà, ó ti yí orúkọ padà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí a kò mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn.

Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ti LAUTECH báyìí, kò sí ìyá Àlàbí tí yóò tì í sí lọ́rùn mọ́. Òfin adójútòfò ìlera tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí i. Kí wọ́n gbé e lọ bá àwọn ìyálọ́jà Akẹ̀sán, kí wọ́n máa gba owó rẹ̀ pẹ̀lú àjọ tí àwọn ọlọ́jà ti ń dá tẹ́lẹ̀, dípò kí wọ́n dúró de aláta pé kó wá kún fọ́ọ̀mù ní Ìbàdàn. Kí ìjọba sì máa lẹ ìwé gbèsè ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹnu ọjà lọ́dọọdún, ní Akẹ̀sán àti ní Tákìé, ní èdè Yorùbá, kí iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ jẹ ilé ìwòsàn náà sì wà ní ìlà àkọ́kọ́.