Kí Oníṣòwò Tó Wọ Bàálù Lọ sí Ṣáínà

Ní gbogbo ìgbà tí oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti Èkó, Ìbàdàn, Aba àti Kano ló máa ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ láti lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ìlú Guangzhou ni púpọ̀ nínú wọn ń forí lé, nítorí ibẹ̀ ni ìpàtẹ ọjà ńlá tí wọ́n ń pè ní Canton Fair ti máa ń wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọdún 1957 ni ìpàtẹ náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa kọjá sí Yiwu, ìlú tí ọjà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó lé ní 70,000, níbi tí wọ́n ti ń ta gbogbo nǹkan wẹẹrẹ, láti orí ìlẹ̀kẹ̀ títí dé orí ohun ìṣeré ọmọdé.

Kò sí ohun tó burú nínú ìrìn-àjò yìí. Ẹni tó fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọjà tó fẹ́ rà sàn ju ẹni tó gbára lé àwòrán lọ. Ohun tó ń kọni lóminú ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lọ kì í múra sílẹ̀. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó èsúsú, owó tí wọ́n ta ilẹ̀ bàbá wọn rí, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á kó dání bí ẹni tó ń lọ síbi ìnáwó. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba káàdì ilé-iṣẹ́ ogún tàbí ọgbọ̀n, wọ́n á san àsansílẹ̀, wọ́n á sì padà wálé. Ìgbà tí kọ́ńténà bá gúnlẹ̀ sí Àpápá ni wọ́n á tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n rà kọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ilé náà ló yẹ kí oníṣòwò ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn-àjò Ṣáínà, nítorí pé àṣìṣe ti gbówó lórí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣáájú oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ìtumọ̀ èyí ni pé àṣìṣe tó ń jẹ oníṣòwò ní mílíọ̀nù kan náírà tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù mẹ́ta.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí èèyàn mọ ohun tó ń lọ rà. Ẹ wo ẹni tó ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ní ọjà Orílé. Kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó yẹ kí ó ti kọ ọ́ sínú ìwé: irú táìsì wo ni, ṣé 60 sí 60 sẹ̀ńtímítà ni àbí 40 sí 40, báwo ló ṣe nípọn tó, páálí mélòó ló fẹ́, èló ni wọ́n ń tà á ní Orílé, èló ló sì gbọ́dọ̀ rà á kí èrè tó lè kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ ojú omi àti owó aṣọ́bodè. Páálí tó ní táìsì 60 sí 60 mẹ́rin nínú máa ń kárí mítà 1.44 níbùú lóòró. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yìí, tí ẹnì kan ń dá iye lé ẹyọ kan fún un, tí ẹlòmíràn ń dá a lé páálí, tí ẹnì kẹta ń dá a lé mítà, kò ní mọ èwo ló pọ̀ èwo ló wọ́n.

Ó tún yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ohun tó fẹ́ lọ rà kò sí nítòsí. Foshan, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Guangzhou, ni ojúlé táìsì ní Ṣáínà, ìpínlẹ̀ Guangdong sì ni ìlú méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ṣáínà ti dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Igbesa, ìpínlẹ̀ Ògùn, ní àgbègbè ìṣòwò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ogun-Guangdong, wọ́n sì ń ṣe táìsì níbẹ̀. Ta ni yóò wọ bàálù lọ wá ohun tí ọkọ̀ akérò láti Agbára lè gbé e dé ìdí rẹ̀?

Ìgbà tí èèyàn ń lọ náà ṣe pàtàkì. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín Canton Fair sí. Ẹ̀rọ, ọkọ̀ àti ohun èlò iná mànàmáná ni wọ́n ń pàtẹ ní ìpele kìíní. Ohun èlò inú ilé, ohun ìkọ́lé àti àga ni ti ìpele kejì. Aṣọ, bàtà àti ohun ìṣeré ọmọdé ló wà ní ìpele kẹta. Oníbàtà tó bá débẹ̀ ní ọjọ́ kìíní yóò kàn máa wo ẹ̀rọ kiri ni. Bákan náà ni ẹni tó bá lọ lásìkò ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà, tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù kìíní tàbí inú oṣù kejì, yóò bá ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ ní títì, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ sí abúlé wọn. Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹwàá náà, ìsinmi ni wọ́n ń ṣe. Láti Guangzhou sí Yiwu sì lé ní 1,000 kìlómítà. Kì í ṣe bí ẹni ń ti Ìdúmọ̀tà lọ sí Aláàbà, tí èèyàn lè ní òun yóò kàn yà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Físà oníṣòwò ni èyí tí wọ́n ń pè ní M. Ilé-iṣẹ́ tí èèyàn fẹ́ bẹ̀ wò, tàbí àwọn tó ṣètò ìpàtẹ ọjà, ló máa ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí i. Kí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú wà nínú àpò. Ẹni tí kò bá sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ tàbí ará ilé ló dé sí, gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá láàárín wákàtí 24. Google, Facebook àti WhatsApp kì í ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ bó ṣe ń ṣí nílé. WeChat ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, òun àti Alipay ni wọ́n sì fi ń sanwó ní ọ̀pọ̀ ibi. Kí èèyàn ti ṣí wọn sórí fóònù rẹ̀ kó tó kúrò ní Nàìjíríà. Kí ó sì rántí pé nígbà tí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní Èkó, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Ṣáínà. Ẹni tó bá fẹ́ pe báńkì rẹ̀ láti ibẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn rò pé gbogbo ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní onílé-iṣẹ́ ló ní ilé-iṣẹ́ lóòótọ́. Alárinà tó ń ra ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Alárinà kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n oníṣòwò lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó ń bá dúnàádúrà. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Ṣáínà ní ìwé àṣẹ tí àmì ìdánimọ̀ 18, nọ́ńbà àti lẹ́tà, wà lára rẹ̀. Ìwé náà sì ń sọ irú iṣẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa ṣe. Kí oníṣòwò gba ẹ̀dà ìwé yìí, kí ó fi orúkọ inú rẹ̀ wé orúkọ àkáǹtì tí wọ́n ní kí ó sanwó sí. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní kí ó san án sí àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, kí ó fura, kí ó sì tètè padà lẹ́yìn wọn.

Tó bá wá dé ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, kì í ṣe yàrá àfihàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ló yẹ kí ó pẹ́ sí. Inú ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ó wọ̀, pẹ̀lú ògbufọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ háyà, kì í ṣe èyí tí ilé-iṣẹ́ fún un. Ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ṣé orúkọ tó wà lára páálí tó wà nílẹ̀ bá ti ilé-iṣẹ́ náà mu? Ọjà tó ń jáde láti orí ẹ̀rọ ni kí ó mú yẹ̀ wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti nù dán sílẹ̀ de àlejò. Oníwáyà lè gé wáyà, kí ó fi ọ̀bẹ ha á: bàbà gidi á pọ́n dé inú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kàn fi bàbà bo alumíníọ́ọ̀mù á funfun nínú. Ẹni tó ń ra táyà lè wo nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2024. Onítáìsì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kó hàn nínú ìwé àdéhùn pé kí gbogbo ọjà òun jẹ́ èyí tí wọ́n sun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí táìsì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ ní àwọ̀ bí wọn kò bá sun ún pọ̀. Oníbàárà tó ti tẹ́ pálọ̀ rẹ̀ dé ìdajì kò ní gbọ́ àlàyé yẹn.

Ní ti owó, ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n san ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, kí wọ́n san 70 tó kù nígbà tí ọjà bá ti ṣe tán. Àárín owó méjèèjì yìí ni agbára oníṣòwò wà. Kí ó tó san èyí tó kù, kí ẹnì kan tó gbẹ́kẹ̀ lé lọ yẹ ọjà náà wò kí wọ́n tó kó o sínú kọ́ńténà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá èèyàn yẹ ọjà wò lówó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá san gbogbo owó tán kó tó rí ọjà ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́bẹ̀.

Òfin ilé náà wà níbẹ̀ tó ń dúró deni. Kí ọjà tó kúrò ní Ṣáínà ló yẹ kí oníṣòwò ti gba Form M ní báńkì. Láti ọdún 2005 ni àjọ SON ti gbé ètò SONCAP kalẹ̀, tó fi dandan lé e pé kí wọ́n yẹ ọ̀pọ̀ ọjà wò, kí wọ́n sì fún un níwèé ẹ̀rí kó tó wọ Nàìjíríà. Oúnjẹ, oògùn àti ìpara wà lábẹ́ NAFDAC. Àwọn ọjà kan sì wà tí òfin kà léèwọ̀ pátápátá, bíi oògùn oníhóró parasitámọ́ọ̀lù àti sìmẹ́ńtì inú àpò. Ẹni tí kò bá béèrè èyí kó tó lọ lè fi owó ara rẹ̀ ra ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ korò. Kì í ṣe gbogbo ọjà tí kò kún ojú òṣùwọ̀n ni àwọn ará Ṣáínà fi ń gbá oníṣòwò. Àwọn oníṣòwò kan ló ń lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá àwọn dín in kù kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ní ọdún 2009, NAFDAC gba ayédèrú oògùn ibà tí wọ́n kọ orúkọ Íńdíà sí lára, bẹ́ẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni SON ti rí kọ́ńténà tí wọ́n ti ki táyà kan bọ inú òmíràn kí púpọ̀ lè gba ibẹ̀. Kíkì yìí máa ń ba ara táyà jẹ́ kó tó dé ọjà. Ẹni tó ń fi irú táyà bẹ́ẹ̀ sáré lọ sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ kò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ẹ̀mí òun ṣẹ́ owó ọkọ̀ ojú omi kù. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ gbáà ni.

Ìkìlọ̀ kan tún wà tí kò ṣe é gbójú fò. Kí ẹnikẹ́ni má gba ẹrù tí kò mọ inú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ará ìjọ tàbí ọmọ ìyá. Lábẹ́ òfin Ṣáínà, ẹni tó bá kó heroin tó tó 50 gíráàmù wọlé lè gba ìdájọ́ ikú.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló sì yẹ kó lọ. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò kún ìdajì kọ́ńténà lè ná gbogbo èrè rẹ̀ tán sórí bàálù àti hòtẹ́ẹ̀lì. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí oníṣòwò mẹ́fà ní ọjà kan náà bá pawọ́ pọ̀, wọ́n lè rán ẹni méjì tó mọ ọjà dunjú, kí wọ́n jọ san owó ìrìn-àjò àti ti ayẹwò, kí wọ́n sì jọ kó ọjà wọn sínú kọ́ńténà kan.

Ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà wà. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kò yẹ kó mọ sórí aṣọ ẹbí àti ayẹyẹ ọdọọdún. Kí wọ́n fi pe àwọn tó ti lọ tí wọ́n sì ti kọ́gbọ́n, kí wọ́n wá sọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti kọ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí SON àti àwọn aṣọ́bodè kọ òfin wọn ní Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò, kí wọ́n sì gbé e wá sínú ọjà. Kí kọ́ńsúlétì Nàìjíríà tó wà ní Guangzhou máa gba ẹ̀sùn oníṣòwò sílẹ̀, kí ó sì máa kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ nípa ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀sùn bá ti pọ̀ jù lórí rẹ̀.

Kí oníṣòwò tó ń gbèrò láti lọ ní oṣù tó ń bọ̀ mú ìwé àti bírò lónìí, kí ó kọ ohun tó ń wá, iye tó lè san àti ohun tí òfin fẹ́. Bí ìwé náà bá ṣófo, kí ó má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.