Oògùn jẹjẹrẹ jò sínú ẹran ara: ṣé wọ́n ti sọ fún aláìsàn?
Doxorubicin, oògùn pupa tí wọ́n ń fà sára àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú, kò gbọdọ̀ jò kúrò nínú iṣan. Tó bá jò, ó lè pa ẹran ara ibẹ̀, kó di egbò tó máa gba iṣẹ́ abẹ. Á máa ta, á máa jóni, ọwọ́ á wú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn wa á fara dà á; àbí ta ló fẹ́ kí nọ́ọ̀sì jágbe mọ́ òun?

Abala 23 Òfin Ìlera Nàìjíríà ti 2014 ní kí wọ́n ṣàlàyé ewu ìtọ́jú fún aláìsàn, ní èdè tó yé e níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kó buwọ́ lù kì í ṣe àlàyé o. Gbólóhùn kan péré ni: "Mọ́mì, tó bá ń ta yín, ẹ pè wá kíá, a máa dá a dúró."