Lukumí: Orúkọ tí wọ́n fi mọ àwọn èèyàn wa lóko ẹrú, tó ti di orúkọ ìdílé ní Kòlóńbíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan wà ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ẹni tó sọ baba ńlá wọn lórúkọ kò wo ilé kankan. Ọkọ̀ òkun tó kó wọn dé ló wò, ó wo etíkun tí wọ́n ti rà wọ́n, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tẹ̀ lé orúkọ ìrìbọmi wọn nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ náà ni Lukumí, tí àwọn ará ibẹ̀ ń kọ sílẹ̀ báyìí pé Lucumí. Láti orí ẹrú tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sí lára ló ti di ti ọmọ, ti ọmọ-ọmọ, títí tó fi di orúkọ ìdílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù kò ní ṣàì ti gbọ́ orúkọ yìí rí. Jhon Lucumí, ọmọkùnrin tí wọ́n bí nílùú Cali lọ́dún 1998, gbá bọ́ọ̀lù fún Genk nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù láti ọdún 2018, ó dara pọ̀ mọ́ Bologna nílẹ̀ Ítálì lọ́dún 2022, ó sì wà nínú ikọ̀ tó gba ife ẹ̀yẹ Coppa Italia lọ́dún 2025, ife tí Bologna kò fojú kàn láti ọdún 1974. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lè rò pé orúkọ àwọn ará Sípéènì lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Lukumí ni orúkọ tí àwọn ará Sípéènì ń pe àwọn èèyàn wa, kí ẹnikẹ́ni tó máa pe gbogbo wa ní Yorùbá.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá? Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ìtàn gbà ń ṣàlàyé rẹ̀. Àwọn kan ní “olùkù mi” ni, èyí tó túmọ̀ sí “ọ̀rẹ́ mi” nínú àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá kan lápá ìlà oòrùn, àti pé bí àwọn ẹrú ṣe ń fi í pe ara wọn ni àwọn òyìnbó fi mú un. Àwọn mìíràn ní orúkọ ìjọba kan ni. Olfert Dapper, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tẹ ìwé kan jáde lọ́dún 1668, ó sì mẹ́nu ba ìjọba ńlá kan tó pè ní Ulkami, tó wà lókè etíkun Allada, ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ gbà pé Ọ̀yọ́ ló ń sọ. Èyí tó wù kó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú nílé. Ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ní Ugbodu àti Ukwu-Nzu, àwọn èèyàn wà láàárín àwọn tó ń sọ Ìgbò tí wọ́n ń pe ara wọn àti èdè wọn ní Olùkùmi, èdè náà sì bá Yorùbá tan pẹ́kípẹ́kí.

Àkọsílẹ̀ orúkọ yìí ní Kòlóńbíà ti pẹ́ gan-an. Àlùfáà Alonso de Sandoval, tó ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ẹrú ní èbúté Cartagena, tẹ ìwé kan jáde nílùú Seville lọ́dún 1627, ó sì dárúkọ àwọn Lukumí mọ́ àwọn ìran tí ọkọ̀ ń kó dé síbẹ̀. Ọdún 1627 yìí, ẹ jẹ́ ká rántí, ó fi nǹkan bí igba ọdún ṣáájú ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé. Cartagena ni ẹnu ọ̀nà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú gba odò Magdalena lọ sí Popayán àti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù ní ilẹ̀ tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Cauca lónìí.

Bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n lórúkọ kò le. Tí ẹrú bá dé, àlùfáà yóò rì í bọmi, yóò sọ ọ́ ní Juan tàbí María. Ṣùgbọ́n Juan pọ̀ lóko, akọ̀wé sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń kọ, nítorí dúkìá tí wọ́n fowó rà ni wọ́n ka èèyàn sí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ibi tí wọ́n gbà pé ó ti wá tì í: Juan Lucumí, Juan Carabalí, Juan Mina. Carabalí ni èyí tí wọ́n kó láti apá Calabar. Mina ni èyí tí wọ́n kó láti etíkun tí wọ́n fi orúkọ odi Elmina pè, ní ilẹ̀ Ghana títí dé apá Tógò àti Benin. Kò sí nínú wọn tí ìyá rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ nílé. Àwa náà kò kúkú mọwọ́ wa mẹ́sẹ̀ nínú irú àṣà yìí. Mélòó nínú wa ló ti pe ará Òkè Ọya ní Gàmbàrí láì bi í ìlú tó ti wá? Irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni Lukumí, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀ kò lágbára láti sọ pé òun kọ́.

Ìgbà tó yá, òfin tí ìjọba Kòlóńbíà ṣe lọ́dún 1851 fòpin sí oko ẹrú láti ọjọ́ 1, oṣù kìíní, ọdún 1852. Àwọn tó dòmìnira ní láti ní orúkọ ìdílé. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ orúkọ ọ̀gá tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ bíi Mosquera àti Arboleda, orúkọ àwọn ọlọ́lá Popayán tí wọ́n kó ẹrú jọ, fi wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú Kòlóńbíà títí dòní. Àwọn mìíràn sì di orúkọ ìran tí wọ́n ti kọ sí wọn lára mú, Lucumí, Carabalí àti Mina. Lónìí, ìpínlẹ̀ Cauca àti Valle del Cauca, níbi tí Cali wà, ni àwọn tó ń jẹ́ orúkọ wọ̀nyí pọ̀ sí jù. Yerry Mina, tó gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú ìdíje ife àgbáyé ọdún 2018, ọmọ Guachené ní Cauca ni. Francia Márquez Mina, tó di igbákejì ààrẹ Kòlóńbíà lóṣù kẹjọ, ọdún 2022, ọmọ Suárez ní Cauca kan náà ni. Àṣà ilẹ̀ Sípéènì ni pé kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ ìdílé baba kó sì fi ti ìyá tì í, èyí ló fà á tí Mina fi wà lẹ́yìn orúkọ obìnrin yìí.

Kúbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ Lukumí, ọ̀nà tí ó gbà níbẹ̀ sì yàtọ̀. Ní ọjọ́ 5, oṣù kọkànlá, ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde ní oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas. Obìnrin méjì wà lára àwọn tó ṣáájú wọn, àkọsílẹ̀ ìjọba sì pè wọ́n ní Carlota Lucumí àti Fermina Lucumí. Carlota kú sógun náà. Nígbà tí Kúbà kó ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà lọ́dún 1975, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, bí òmìnira ṣe ń kan àwọn ẹrú Kúbà, títí tí oko ẹrú fi parí pátápátá lọ́dún 1886, orúkọ ọ̀gá ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ wo babaláwo ńlá nì tó gbé ní Regla, lódìkejì omi ìlú Havana, tó kú lọ́dún 1905. Adéṣínà ni orúkọ rẹ̀ nínú Ifá, ṣùgbọ́n Remigio Herrera ló ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba. Ẹni tó bá rí Herrera nínú ìwé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni?

Ohun tó yẹ kí a fi ọkàn sí nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyí. Ní Kúbà, orúkọ náà ṣọ̀wọ́n lára ìdílé, ṣùgbọ́n èdè àti òrìṣà kò kúrò. Títí dòní, àwọn olórìṣà ibẹ̀ ń sọ “moyubá” kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètùtù, wọ́n ń da “omi tuto” sílẹ̀, wọ́n ń ké pe Changó, Ochún àti Yemayá, Lukumí ni wọ́n sì ń pe èdè náà. Ní Cauca, orúkọ náà dúró lára ìdílé, ó wà nínú ìwé ìrìnnà, ó wà lẹ́yìn aṣọ agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n èdè ti lọ, òrìṣà náà sì ti lọ. Ibi tí orúkọ wà, ohùn kò sí níbẹ̀. Ibi tí ohùn wà, orúkọ ti pòórá.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Àsìkò àti iye èèyàn ni. Àwọn tó dé Kòlóńbíà ti lọ tipẹ́, láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún. Wọn kò pọ̀, wọ́n fọ́n wọn ká sáàárín àwọn ìran mìíràn níbi ìwakùsà, ẹni tí yóò bá wọn sọ èdè wọn kò sì tó nǹkan. Àwọn tó dé Kúbà ní tiwọn, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ọ̀pọ̀ wọn dé, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá àti ogun Òwu, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó lọ. Ogun ló ń kó wọn, wọ́n ń dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́, òwò náà kò sì dáwọ́ dúró títí di nǹkan bí ọdún 1867. Wọ́n tún ní ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní cabildo ní Havana àti Matanzas, níbi tí àwọn ará ilé kan náà ti ń pàdé, tí wọ́n ń lu ìlù, tí wọ́n sì ń sin òkú ara wọn.

Ẹ kíyè sí ọdún 1843 yẹn dáadáa. Ọdún tí Carlota Lucumí kú ní Matanzas ni Samuel Àjàyí Crowther, tí òun náà bọ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde ní London. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn Ọ̀yọ́ di ti gbogbo wa, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ṣáájú àsìkò yẹn, Àkú ni wọ́n ń pè wá ní Sàró nítorí “ẹ kú” tó máa ń wà lẹ́nu wa, Nàgó ni wọ́n ń pè wá ní Bràsíìlì, Lukumí ni ti ilẹ̀ Sípéènì. Nítorí náà, ẹni tó ń jẹ́ Lucumí ní Cauca gbé orúkọ tó dàgbà ju bí àwa fúnra wa ṣe ń jẹ́ Yorùbá lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìtàn àtijọ́ lásán. Ní ọdún 1993, Kòlóńbíà ṣe òfin kan, Òfin 70, tó fún àwọn àwùjọ aláwọ̀ dúdú, pàápàá àwọn tó wà létí odò ní agbègbè òkun Pàsífíìkì, láǹfààní láti gba ìwé ilẹ̀ àjùmọ̀ní. Òfin náà wo ìran tí àwọn ìdílé ti ṣẹ̀ wá, ìtàn tí wọ́n jọ ní àti àṣà wọn. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn ara rẹ̀, kí ni yóò gbé síwájú ìjọba? Nígbà tí ètò ìkànìyàn ọdún 2018 wáyé, àwọn tí wọ́n kà sí aláwọ̀ dúdú kò pé mílíọ̀nù 3, bẹ́ẹ̀ ti ọdún 2005 lé ní mílíọ̀nù 4. Ariwo sọ. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kà wọ́n padà gbé ìṣirò mìíràn jáde, wọ́n ní wọ́n tó mílíọ̀nù 4.67. Iye tí wọ́n bá sì ka èèyàn sí wà lára ohun tí ìjọba ń wò kó tó pín ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn àti owó.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ òdodo. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Lucumí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti Yorùbá. Àwọn oníṣòwò ẹrú a máa fi orúkọ náà pe Tápà, Bàrìbá àti ẹlòmíràn tó bá gba ọ̀nà kan náà dé etíkun. Bákan náà, ìgbéyàwó ọ̀ọ́dúnrún ọdún ti da ìran pọ̀. Ohun tí orúkọ náà lè jẹ́rìí sí ni pé ọ̀nà kan wà láti ilẹ̀ yìí dé ibẹ̀, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé agbo ilé báyìí ló ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ta oyè fún wọn, ẹ má gbà á láyè.

Kí wá ni tiwa? Ọọ̀ni Òkúnadé Ṣíjúwádé lọ sí Kúbà lọ́dún 1987, àwọn olórìṣà ibẹ̀ sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìlù bàtá bá ti ń dún ni ojú wa máa ń lọ, Havana àti Bahia. Àwọn tí kò ní ìlù mọ́, tó jẹ́ orúkọ nìkan ló kù wọ́n kù, a kì í dárúkọ wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ya ọdún 2025 sí 2034 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wádún kejì fún àwọn tó jẹ́ ìran Áfíríkà káàkiri ayé. Bí àwọn yunifásítì wa tó ń kọ́ni ní Yorùbá àti ìtàn bá fẹ́ ṣe ohun kan nínú ọdún wọ̀nyí, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó púpọ̀: kí wọ́n kọ Lukumí sínú ìwé tí àwọn ọmọ wa ń kà, kí wọ́n fi Cauca sí orí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, kí wọ́n sì kọ̀wé sí àwọn yunifásítì Cali àti Popayán, níbi tí àkọsílẹ̀ ti wà nítòsí.

Wọ́n máa ń ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ti Lukumí yàtọ̀ díẹ̀, nítorí odò ṣì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti orísun, orísun ni kò bèèrè odò mọ́. Nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ Lucumí lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ sọ fún ọmọ tó jókòó tì yín ibi tí orúkọ náà ti gbéra.