Ẹni Tó Ni Pátákó, Ẹni Tó Ni Ọjà
Láti ọwọ́ Ojú Sùnnùkùn, Àbújá

Tí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kúrò ní Àbújá lọ sí ìlú mìíràn, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, fíríìjì rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á ti wà lórí Jiji, fọ́tò mẹ́rin mẹ́rin, nọ́ńbà fóònù nísàlẹ̀. Ẹnì kan á pè é láti Kubwa, òmíràn á pè é láti Nyanya, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn á sì bi í: “Èló ni jálẹ̀?” Bí ìlú tí èrò ti ń wọ̀, tí èrò ti ń kó lọ, ṣe ń ta ẹrù ilé nìyẹn. Àwọn tó fi òwò yìí jẹun náà pọ̀, láti orí àwọn tó ń ta fóònù àlòkù ní Banex dé orí àwọn káfíńtà Kugbo tó ń ya fọ́tò àga kí fáníìṣì tó gbẹ lára rẹ̀.

Ohun tí ẹni tó ń rajà kì í rí ni owó tí òǹtajà ń san fún ẹni tó ni pátákó tí fọ́tò yẹn wà lórí rẹ̀. Owó náà ń ga sí i, àròyé rẹ̀ kò sì tán lẹ́nu àwọn òǹtajà. Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbé àròyé yẹn gbà kọ́ ló yẹ kó gbà. Ẹni tó kọ́ ọjà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìsọ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n ń yí iye owó náà padà lẹ́yìn tí òǹtajà ti fi ọdún gbọọrọ kọ́ orúkọ rere síbẹ̀, orúkọ tí kò ṣeé gbé kúrò.

Ìtàn rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1995, Pierre Omidyar, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní California, ṣí ọjà gbàǹjo kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó pè é ní AuctionWeb. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà níbẹ̀ ni iná laser kékeré kan tó ti bàjẹ́, ẹnì kan sì rà á ní dọ́là 14.83, ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Nígbà tí èrò pọ̀, iléeṣẹ́ tó bá Omidyar gbé ọjà náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sọ owó oṣù rẹ̀ di dọ́là 250, òun náà bá ní kí àwọn òǹtajà máa dá díẹ̀ síbẹ̀. Ta ló máa bá a jà sí ìyẹn? AuctionWeb yìí ló padà di eBay.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kìn-ín-ní 2008, ọ̀rọ̀ ti yí. eBay kéde pé àwọn á dín owó tí òǹtajà ń san kí ọjà tó gun pátákó kù, ṣùgbọ́n ìpín tí àwọn ń mú lórí ọjà tó bá tà á ga. Lórí dọ́là 25 àkọ́kọ́, ìdá 5.25 nínú ọgọ́rùn-ún fò di 8.75. Wọ́n tún fi kún un pé òǹtajà kò ní lè kọ ohun tí kò dáa sílẹ̀ nípa oníbàárà mọ́, bẹ́ẹ̀ oníbàárà ṣì lè kọ tirẹ̀ nípa òǹtajà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọ̀pọ̀ òǹtajà palẹ̀ ọjà wọn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ọ̀sẹ̀ náà pé, wọ́n kó ọjà wọn padà wá, owó ni kò padà. Nígbà tí Etsy náà gbé owó orí ọjà láti ìdá 5 sí 6.5 ní oṣù Kẹrin 2022, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹtajà ti ìsọ̀ wọn pa fún ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 6.5 yẹn náà ló sì dúró.

Kí ló dé tí wọ́n fi padà? Ẹni tó bá mọ bí ìṣákọ́lẹ̀ ṣe ń lọ kò ní jìnnà sí ìdáhùn. Àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ a máa gbé iṣu àti epo lọ fún un lọ́dọọdún, kì í sì í ka ìyẹn sí ìyà. Ọjọ́ tó bá gbin kòkó ni ọ̀rọ̀ máa ń yí, nítorí kòkó kì í ṣe iṣu tí èèyàn lè wà kó sì gbé e rù. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti ń so lọ́dọọdún, onílẹ̀ náà sì mọ̀ pé àgbẹ̀ kò lè hú u lọ. Ìràwọ̀ márùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òǹtajà, ọ̀rọ̀ ìyìn igba oníbàárà, àmì pé wọ́n ti yẹ ẹni náà wò tí kì í ṣe gbájúẹ̀: kòkó tó gbìn nìyẹn. Bó bá kó lọ sí ọjà mìíràn, ẹni àìmọ̀ ni, ọ̀dọ̀ òǹtajà tó jẹ́ ẹni àìmọ̀ kò sì sí ẹni tó máa ra fóònù ₦300,000.

Ibi tí owó ti wálẹ̀ tún fi èyí hàn ju ibi tó ti ga lọ. Ní 2003, Alibaba ṣí Taobao ní Ṣáínà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn òǹtajà. Kí 2006 tó parí, eBay ti fi ọjà tirẹ̀ níbẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ní Jámánì ní 2023, eBay kan náà mú owó kúrò lórí ẹni tó kàn ń ta ẹrù ilé rẹ̀, ó sì ṣe bákan náà ní Britain ní oṣù Kẹwàá 2024. Àánú kọ́ ló mú un ṣe é. Vinted àti Facebook ló ń kó àwọn òǹtajà rẹ̀ lọ. Owó náà kò sì kúkú parẹ́: ní Britain, wọ́n dárúkọ mìíràn fún un ní oṣù Kejì 2025, wọ́n ní owó ààbò oníbàárà ni, wọ́n wá gbé e ka orí ẹni tó ń rà. Bó ti wù kó rí, òǹtajà tó ní ibòmíràn tó lè lọ ni wọ́n ń bẹ̀. Ẹni tí kò níbi tí yóò gbà ni wọ́n ń bu owó lé.

Ní Nàìjíríà, ibi tí òǹtajà lè gbà ti dín kù gan-an. Kaymu di Jumia Market ní 2016, orúkọ rẹ̀ sì rá. Efritin kógbá wọlé ní oṣù Kìn-ín-ní 2017, ó ní owó dátà ló wọ́n jù. OLX ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa ní 2018, nígbà tó sì di 2019, Jiji, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ra òwò rẹ̀ ní Nàìjíríà, Ghana, Kenya, Tanzania àti Uganda lẹ́ẹ̀kan náà. Cars45 náà wà láti 2016: ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò á gbé e lọ, wọ́n á yẹ ẹ́ńjìnnì àti bọ́dì rẹ̀ wò, àwọn oníṣòwò mọ́tò á sì máa fi owó lé owó lórí rẹ̀. Gbàǹjo gidi ni. Jiji ra òun náà ní 2021. Ní ti eBay fúnra rẹ̀, nígbà tí PayPal ṣílẹ̀kùn fún ọmọ Nàìjíríà ní 2014, kó lè fowó ránṣẹ́ ni, kì í ṣe kó lè gbowó, nítorí náà òǹtajà Wuse tó ń wo òkè òkun nígbà náà kò ríbi gbé ẹsẹ̀ lé.

Jumia a máa bù nínú owó ọjà, iye tó sì ń bù lórí bàtà kọ́ ló ń bù lórí tẹlifíṣọ̀n. Jiji ní tirẹ̀ kì í fọwọ́ kan owó ọjà, ipò ló ń tà: ẹni tó bá fẹ́ kí ọjà rẹ̀ wà lókè á ra pákéèjì. Ó jọ pé èyí rọ òǹtajà lọ́rùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Tí ẹni mẹ́wàá bá ń ta fíríìjì ní Gwarinpa, tí ẹnì kan ra pákéèjì, òun ló máa tà. Nígbà tí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bá rà á, kò sẹ́ni tó wà lókè mọ́, wọ́n á tún wá èyí tó wọ́n jù ú lọ rà. Òǹtajà ló wá ń fi owó lé owó báyìí, ẹni tó ni pátákó ló mú òòlù gbàǹjo dání. Kò tiẹ̀ nílò kó kéde pé òun fowó kún owó.

Ní ti ọjà tó ń gba kọmíṣọ̀n, ìṣirò kékeré kan tó. Ká ní ìyá kan ní Kubwa ra bàtà ọmọdé ní ₦14,000, ó ń tà á ní ₦20,000 níbi tí wọ́n ti ń gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. ₦3,000 ti lọ. VAT ìdá 7.5 lórí ₦3,000 yẹn jẹ́ ₦225. Ọ̀rá tó fi wé e àti kẹ̀kẹ́ Marúwá tó gbé e dé ibi ìkójọ á jẹ ₦1,500. Èrè rẹ̀ di ₦1,275. Tí wọ́n bá wá sọ kọmíṣọ̀n di ìdá 18 láàárọ̀ ọjọ́ kan, kọmíṣọ̀n á di ₦3,600, VAT á di ₦270, èrè ìyá yìí á sì já sí ₦630. Lójú ẹni tó fi í kún un, ìdá mẹ́ta péré ni. Lọ́wọ́ ìyá yìí, ó ju ìlàjì èrè rẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ kó tó kọ ₦21,000 sára bàtà náà, òbí tó ń ra bàtà fún ọmọ ní Lugbe ló sì máa san án láìmọ̀.

Àwọn tó ni ọjà náà ní ẹjọ́ tiwọn, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀bi. Láti 2012 tí Jumia ti bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí 2024, kò sí ọdún kan tó jèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wọ pàṣípààrọ̀ New York láti 2019. Owó epo fò sókè ní 2023, Náírà já lulẹ̀ lọ́dún kan náà, dọ́là tó wà nítòsí ₦460 sì kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Dọ́là ni wọ́n fi ń san púpọ̀ nínú owó ẹ̀rọ tó gbé ọjà orí ayélujára ró. Ẹni tó bá ní kí wọ́n má fowó kún un láéláé ń ní kí ọjà náà kú bíi ti Efritin ni, kò sì sí òǹtajà tí ìyẹn ṣe láǹfààní.

Àwọn kan ní kí òǹtajà kúkú kó lọ sí WhatsApp àti Instagram. Ọ̀pọ̀ ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àbújá. Wọ́n á fi ọjà sí pátákó láti fi mú oníbàárà, wọ́n á wá bá a parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n jọ pàdé níwájú ilé epo. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí ẹnì kan bá fi àlááàtì báńkì ayédèrú gbé fóònù lọ, tàbí tí oníbàárà sanwó tán tí òǹtajà pa fóònù rẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí ẹni tí wọ́n máa fẹjọ́ sùn. Ìdí tí owó ìsọ̀ orí ayélujára fi tọ́ sí sísan ni ààbò yẹn, ìdí nìyẹn náà tí sísá kúrò níbẹ̀ kò fi lè jẹ́ ojútùú.

Àbújá kúkú mọ bí gbàǹjo tó létò ṣe ń rí. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2001, àjọ NCC fi ìwé àṣẹ GSM ṣe gbàǹjo ní ìlú yìí. Láti orí dọ́là mílíọ̀nù 100 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró sí mílíọ̀nù 285 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó dá owó, wọ́n ti tẹ gbogbo òfin rẹ̀ jáde: iye tí èèyàn máa kọ́kọ́ fi sílẹ̀, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá san. Iléeṣẹ́ CIL jáwé olúborí, kò rí owó náà san lásìkò, ìwé àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, dọ́là mílíọ̀nù 20 tó fi sílẹ̀ sì wọgbó. Ó dùn ún, ó tiẹ̀ jà, àmọ́ òfin náà ti wà nílẹ̀ kó tó wọlé. Ọlọ́jà kékeré ní Utako kò rí irú ìyẹn. Ìméèlì ló máa ń rí, lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn tó ti kó ọjà tuntun dé.

Àjọ FCCPC, tó ń rí sí ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, ní olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sí Àbújá yìí kan náà. Òfin 2018 tó gbé e kalẹ̀ lòdì sí kí iléeṣẹ́ tó gba ọjà kan kanlẹ̀ máa fi agbára rẹ̀ rẹ́ni jẹ, ó sì fún àjọ náà láṣẹ láti ṣe ìlànà. Kì í ṣe àjọ tí kò léyín: ní oṣù Keje 2024, ó bu owó ìtanràn dọ́là mílíọ̀nù 220 lé Meta, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ sì fọwọ́ sí i ní 2025. Ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà ló ń gbọ́ jù, òǹtajà kékeré kì í sábà wá sọ́kàn rẹ̀, bóyá nítorí pé lójú òfin, òun náà jẹ́ oníṣòwò tó yẹ kó lè gba ara rẹ̀.

Kò yẹ kí FCCPC dá iye owó lé ẹnikẹ́ni. Nàìjíríà ti dá iye owó lé ọjà púpọ̀ rí, ọjà náà ló máa ń pòórá. Ohun méjì ló tó. Àkọ́kọ́ ni àkókò. Láti oṣù Keje 2020, òfin Ilẹ̀ Yúróòpù ti kàn án nípá pé kí ọjà orí ayélujára fún òǹtajà ní ó kéré tán ọjọ́ 15 kó tó yí àdéhùn padà. Ní ibi tí ẹrù ti ń pẹ́ lójú ọ̀nà bíi ti ilẹ̀ yìí, ọgbọ̀n ọjọ́ ló bá a mu, kí ọjà tí èèyàn ti fi iye owó àtijọ́ rà lè tà kí tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: kí òǹtajà lè gba àkọsílẹ̀ tí ọjà náà fọwọ́ sí, iye ọdún tó ti wà níbẹ̀, iye ọjà tó ti tà, ohun tí àwọn oníbàárà sọ nípa rẹ̀, kó sì lè gbé e dé ibòmíràn. Àwọn iléeṣẹ́ yìí á ní ohun ìní àwọn ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi kó o jọ ni tiwọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òǹtajà ló jí ní kùtù láti gbé ẹrù dé Kubwa nínú òjò, òun náà ló gba bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu padà láì bínú, oníbàárà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ló ṣe é.

Àjọ náà kò nílò kí ilé aṣòfin jókòó lórí èyí. Ó lè pe Jumia, Jiji, Konga àti àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jà Banex àti Kugbo sí yàrá kan, kó ní kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ mú ìwé owó òǹtajà rẹ̀ wá, ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn àti ti ìsinsìnyí, kó sì tẹ̀ wọ́n jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.