Ẹ Má Bo Ariwo Náà Mọ́lẹ̀, Ẹ Bi Í Léèrè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó dákú mọ́ àwa mẹ́ta lọ́wọ́ ní Zaria níbí ló mú wa pa òwe yìí. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ké kí ó tó dákú. A gbọ́ igbe rẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń wí ni a kò bèèrè.

Yàrá kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé. Ọ̀kan nínú wa dàgbà ní Jos, èkejì ní Minna, ẹ̀kẹta ní Sabon Gari ní Kano. Kò sí ẹni tí apá rẹ̀ ká kọ̀ǹpútà tuntun nínú wa, nítorí náà a dáwó jọ, a sì ń ra ẹ̀yà ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpótí rẹ̀ àti power supply rẹ̀ jẹ́ tòkunbọ̀. Fáànù mẹ́rin ló ní: ọ̀kan níwájú tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń tì í jáde, ọ̀kan nínú power supply, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù, tó jókòó lórí irin heat sink tí ń gba ooru lára processor. Ọwọ́ ara wa ni a fi tò ó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, a jó débi pé àwọn ará yàrá kejì wá bèèrè ẹni tó ń ṣe ìgbéyàwó.

Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025, ọyẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òkè Ọya mọ̀ pé ọyẹ́ wa níhìn-ín kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbá bọ̀ láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad a máa wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ tí a dé lórí, áńbọ̀sì inú àpótí tó ní fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwa ọ̀mọ̀wé ṣe. Ní ọjọ́ kìíní, a fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì dákẹ́. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀, a ká bébà, a fi há a nídìí. Nígbà tí ìyẹn kò ran án mọ́, a yí orin sókè. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọkàn wa a sì balẹ̀. Ìgbẹ̀yìn ni a gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kan. Kò tan ẹ̀rọ náà, kò sì tẹ́tí sí i. Ó kàn wò ó láti òkèèrè, ó ní kí a pààrọ̀ motherboard, kí a pààrọ̀ power supply, kí a sì pààrọ̀ gbogbo fáànù. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. A kò lówó náà, a gbé ẹrù wa padà sílé, a sì tún yí orin sókè.

Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago kan, ariwo náà dákẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀ nínú wa ló wà nídìí ẹ̀rọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ní ó ti san. Láìpẹ́, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, lẹ́yìn náà ló kú pii. Iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa ti ń ṣe láti aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò tíì fi pamọ́, bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni olùkọ́ rẹ̀ ń retí rẹ̀. A kò ní sọ ojú tí ó fi wò wá lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdákẹ́jẹ́ tí a ń yọ̀ sí, ìdákẹ́jẹ́ òkú ni. Fáànù orí processor ló ti há pátápátá. Ọ̀pọ̀ processor òde òní, bí ooru wọn bá ti ń sún mọ́ nǹkan bí 100 lórí ìwọ̀n Celsius, wọn a kọ́kọ́ dín eré wọn kù láti dáàbò bo ara wọn. Bí ooru náà kò bá rọlẹ̀, wọn a pa ẹ̀rọ. Ìyẹn ló fi ń wọ́ bí ìgbín kí ó tó kú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ Kano inú wa pe màmá rẹ̀ láti tọrọ owó. Màmá ti ń fi ẹ̀rọ ìlọta ṣòwò ní Sabon Gari láti ìgbà tí a kò tíì bí wa.

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Kọ̀ǹpútà wa ti bàjẹ́."

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Kí ló ṣe é?"

"Ó ń pariwo ni mà, lẹ́yìn náà ló kú."

"Ariwo wo? Báwo ló ṣe ń dún?"

"Ariwo náà ni, mà."

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ariwo náà ni? Ṣé ó ń ha ni, àbí ó ń kùn, àbí ó ń gbọ̀n? Bí ẹ̀rọ ìlọta mi bá ń ha, mo mọ̀ pé bíárìn ni. Bí ó bá ń gbọ̀n jìgìjìgì, nọ́ọ̀tì kan ló tú. Bí ó bá ń na pá-pá-pá, bẹ́líìtì ló fẹ́ já. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí yunifásítì, ariwo nìkan lẹ mọ̀?"

Ojú tì wá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Yorùbá tí àwa tí a dàgbà sí Òkè Ọya ń sọ tó láti kíni, ó tó láti jẹun, ó sì tó láti tọrọ owó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti iṣẹ́, a ó fi Haúsá dí i níbí, a ó fi Gẹ̀ẹ́sì dí i lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí Màmá fi tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe wà nínú èdè tí a ń pè ní tiwa. Ọ̀rọ̀ náà ni a mú padà sídìí kọ̀ǹpútà.

A dúró di òru, nígbà tí iná wà tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ti kú. A ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà, a ká páálí ìwé wa bíi fèrè, a fi ẹnu rẹ̀ kan sí etí, a sì gbé ẹnu kejì súnmọ́ fáànù kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kí ó kàn án. Àṣé ariwo kan kọ́ ló ń yọ wá lẹ́nu, méjì ni! Fáànù ẹ̀yìn ń dún ta-ta-ta: wáyà kan ló tú sílẹ̀ tí abẹ́ fáànù ń gbá. Okùn kékeré ni a fi so wáyà náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì parí láìná kọ́bọ̀. Fáànù orí processor, tó ti tún ń yí díẹ̀díẹ̀, ń ha bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò. A pa ẹ̀rọ, a yọ ọ́ kúrò lára iná, a fi ìka yí fáànù náà. Fáànù tí ara rẹ̀ yá a máa yí lọ kí ó tó rọra dúró; tiwa dúró gbọn-in. Bíárìn rẹ̀ ti gbẹ. Eruku sì ti di bí òwú láàárín irin heat sink, afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà gbà.

Ẹnìkan ní kí a kán òróró ẹ̀pà sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò, dídì ni yóò dì. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ lè mú un yí fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bíárìn tó ti jẹ kò ní padà bọ̀ sípò. A ra fáànù kan ṣoṣo. Owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan lọ. A fi bíríṣì gbọn eruku kúrò, a nu thermal paste tó ti gbẹ, a fi tuntun sí i. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ náà ń mí jẹ́jẹ́.

Ohun tí a ti kọ́ láti ìgbà náà nìyí. Bí gbogbo fáànù bá ń hó bí ìjì láìha láìgbọ̀n, ooru ló ń lé wọn: ẹ wá eruku. Bí àpótí bá ń gbọ̀n, ẹ wo nọ́ọ̀tì. Bí ó bá ń kùn tínínrín bí yànmùyánmú, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, ó lè má jẹ́ fáànù rárá. Àwọn wáyà kíká tí iná ń gbà kọjá a máa kùn bẹ́ẹ̀, kì í sì í sábà pa ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi omi tù lára tó bá ń dún gulugulu, afẹ́fẹ́ ló wà nínú omi rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí háàdì dísìkì bá ń kan kó-kó-kó bí ẹni kan ilẹ̀kùn, ẹ fi àwàdà sílẹ̀, ẹ yára da iṣẹ́ yín kọ sí ibòmíràn. Ẹ má sì ṣí power supply láé, iná a máa wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́. Bí ẹ bá ń fẹ́ eruku kúrò lára fáànù, ẹ fi ìka di abẹ́ rẹ̀ mú, kí ó má baà yí àyíjù.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ àwọn atúnṣe nìyẹn, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. A kò bá wọn jà, atúnṣe rere pọ̀. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, kí ni oníṣègùn yóò ṣe fún un? Ẹni tó bá lè sọ pé "fáànù orí processor mi ń ha" kò ní ra motherboard tí kò nílò. Àwọn mìíràn yóò ní ariwo díẹ̀ kì í pani, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ariwo ni ẹnu tí ẹ̀rọ ní. Ẹni tó bá fi orin bò ó, ara rẹ̀ ló ń di etí sí.

Nítorí náà, a ní ẹ̀bẹ̀ méjì sí ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ọyẹ́ tó dé lọ́dọọdún, kí a yan ọ̀sán Sátidé kan tí gbogbo wa yóò gbé kọ̀ǹpútà wa wá, kí ẹgbẹ́ ra bíríṣì àti thermal paste, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe sì kọ́ ẹni tí kò mọ̀. Èkejì, kí ìwé ìròyìn yìí fún wa ní ojú ewé kan tí a ó máa kọ irú ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ wọ̀nyẹn sí. Olúkúlùkù wa ló ní bàbá tàbí ìyá tó ń lo ẹ̀rọ: ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ ìlọta, ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ yìí. Ẹ má tíì tọrọ owó. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè bí ẹ̀rọ wọn ṣe ń dún nígbà tí kò bá yá.